Ẹ̀yáwó Ni Wọ́n Torí Ẹ̀ Ṣe É, Àwọn Èèyàn Fi Ń Fowó Ránṣẹ́ Sílé: Bí Wọ́n Ṣe Dán M-Pesa Wò ní Kẹ́ńyà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, àwọn oníbàárà Faulu, ilé iṣẹ́ ayánilówó kan ní Kẹ́ńyà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù san gbèsè wọn, lórí ètò owó orí fóònù tí wọ́n ń pè ní M-Pesa. Wọn kò ju nǹkan bí 500 lọ. Ṣọ́ọ̀bù 8 péré ni wọ́n ti lè kó owó sínú fóònù tàbí kí wọ́n gbà á jáde: ní àárín ìlú Nairobi, ní Mathare tó jẹ́ àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi kan náà, àti ní ìlú Thika tí kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi ṣe kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí wọ́n fi gba ẹ̀yáwó, kí wọ́n sì fi san án padà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa jókòó ti àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan áàpù tuntun, kí n máa wo ibi tí ọwọ́ wọn ti dúró àti ibi tí wọ́n ti ṣìnà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń bi mí pé ìtàn wo ni kí àwọn fi kọ́gbọ́n, mi ò sì tíì rí èyí tó ju ti M-Pesa lọ. Àwọn méjì tó wà nídìí rẹ̀, Nick Hughes àti Susie Lonie, kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ ní 2007, kì í sì í ṣe èyí tó dùn nìkan ni wọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé M-Pesa gbilẹ̀. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn, tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó máa dà, ni a kì í sábà sọ̀rọ̀ lé lórí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Vodafone ní Ìlú Ọba ni Hughes ń bá ṣiṣẹ́. Ní 2003 ó lọ bá DFID, àjọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà náà. Wọ́n ní owó kan nílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní èrò tuntun tó lè mú kí ètò owó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí báńkì kì í wo ojú rẹ̀, kìkì pé ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ náà sí i. Àjọ náà fi nǹkan bí mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sílẹ̀, Vodafone sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yáwó kéékèèké ni gbogbo èrò yẹn dá lé lórí.

Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yáwó tí àwọn ìyá ọjà tiwa ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà kò nílò àlàyé púpọ̀. Èèyàn mélòó kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á dúró fún ara wọn, wọ́n á máa pàdé, oníkálukú á mú owó tirẹ̀ wá, ẹnì kan nínú wọn á sì di gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì. Àkókò ń ṣòfò, ẹni tó gbé owó lọ́wọ́ ò sì ní fọkàn balẹ̀ títí á fi dé. Hughes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé bí fóònù bá lè gbé owó náà, gbogbo ìyọnu yẹn á kúrò nílẹ̀, ilé iṣẹ́ ayánilówó náà á sì lè yá èèyàn púpọ̀ sí i lówó. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì lè rí àbùkù kan lára rẹ̀.

Lonie dé Kẹ́ńyà ní 2005 láti sọ èrò náà di ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Safaricom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Kẹ́ńyà, ni wọ́n gbé e lé, nítorí Vodafone ní ìpín nínú rẹ̀. Faulu ni yóò máa yáni lówó, Commercial Bank of Africa ni yóò máa tọ́jú owó gidi, ilé iṣẹ́ Sagentia ní Cambridge ló sì kọ ètò orí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe áàpù bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí ni wọ́n ṣe. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni irú èèyàn tí wọ́n ń ṣe é fún lè rà, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n fi ètò náà sínú síìmù gan-an, tó fi jẹ́ pé fóònù tí kò ju ti ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ náà á lè lò ó.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí ìdí káńtà. Obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ kó owó sínú fóònù. Ó kó owó náà lé orí káńtà, ó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ka owó, ó mú fóònù ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ nọ́ńbà obìnrin náà àti iye owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù méjèèjì: èyí tó wọ ti ṣọ́ọ̀bù ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, èyí tó wọ ti obìnrin náà ní owó ti wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣí ìwé ńlá kan, ó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, obìnrin náà sì buwọ́ lù ú. Bí ó bá wá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, á yan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí fóònù tirẹ̀, á tẹ nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, á tẹ iye, á tẹ PIN, fóònù á sì tún gbogbo rẹ̀ tò síwájú rẹ̀ kó tó jẹ́ kó lọ.

Mo fẹ́ràn ìwé ńlá yẹn gan-an. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn káńtà kò nílò rẹ̀, ó ti ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ ló nílò rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ méjì náà rí bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹnì kejì gbọ́ láìrí tirẹ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ áàpù owó tí wọ́n ń gbé wá fún mi yẹ̀ wò ló ń pa irú nǹkan báyìí rẹ́ kí ojú fóònù lè mọ́ tónítóní, tí ọkàn ẹni tó ń lò ó á sì máa jó.

Wọ́n fún àwọn tó wà nínú ìdánwò náà ní fóònù, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò yá rárá. Àwọn kan wà nínú wọn tí fóònù kò tíì mọ́ lára, ká má tíì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ̀ wọ́n lára tán, Lonie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

Àwọn kan ń bá ẹlòmíràn san gbèsè ọ̀dọ̀ Faulu, onítọ̀hún á sì fi iṣẹ́ san oore náà padà. Àwọn oníṣòwò ń fi san owó ọjà fún ara wọn. Àwọn tí ọjà wọn tóbi díẹ̀ ń kó owó sínú fóònù ní ìrọ̀lẹ́, torí báńkì ti máa ń ti ilẹ̀kùn kí ṣọ́ọ̀bù M-Pesa tó pa tirẹ̀ dé. Fóònù wá di àpótí owó tí olè kò lè jí gbé lóru. Àwọn kan ń rìnrìn-àjò láti ibi ìdánwò kan sí òmíràn: wọ́n á kó owó sínú fóònù níbi tí wọ́n ti gbéra, wọ́n á sì gbà á jáde ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà níbi tí wọ́n dé. Owó ẹni kan náà ni, ọwọ́ ẹni kan náà ló sì padà sí. Ìbàlẹ̀ ọkàn lójú ọ̀nà ni wọ́n fi ṣe. Àwọn mìíràn ń fi M-Pesa ra owó ìpè, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹbí wọn ní abúlé, kí ẹbí náà rí nǹkan dì mú.

Ti obìnrin kan ló máa ń dúró sí mi lọ́kàn jù. Àwọn olè dá ọkọ rẹ̀ lọ́nà, wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí M-Pesa, ọkọ sì rí owó wọkọ̀ wálé. Kò sí ibì kankan nínú ìwé tí wọ́n kọ sí DFID tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọkọ tí olè jà lólè. Bẹ́ẹ̀ ohun tí obìnrin yẹn ṣe lọ́jọ́ náà ni gbogbo Kẹ́ńyà ń ṣe lónìí.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní ìdánwò oníwákàtí kan ni wọ́n ṣe, bí èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe, wọn ì bá pe èèyàn mẹ́wàá jókòó, wọn ì bá sọ fún wọn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ san gbèsè yín lórí fóònù yìí. Wọn ì bá san án. Wọn ì bá sọ pé ó rọrùn. Àbájáde ì bá dára, ètò ẹ̀yáwó náà ì bá sì jáde síta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó máa rọra rìn, kó sì kú lọ́jọ́ tí owó ìrànwọ́ bá tán. Àyàfi nígbà tí owó tó wà nínú fóònù bá jẹ́ owó gidi, tí èèyàn sì gbé e lọ sílé, tó sùn tì í, tó bá a dé ibi tí wàhálà tirẹ̀ wà, ni ó tó lè fi ohun tó nílò hàn ọ́. Kò sí bí a ṣe lè béèrè irú rẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Ká ní wọ́n bi obìnrin yẹn ní oṣù kan ṣáájú bóyá ó máa fi ṣe owó ọkọ̀ fún ẹni tí olè jà lólè, kí ni ì bá fi dáhùn?

Apá kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rírí kò tó, wọ́n tún ní láti gbà pé ohun tí wọ́n rí ló ṣe pàtàkì. Owó tí wọ́n gbà, ẹ̀yáwó ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Faulu ni alábàáṣiṣẹ́ wọn, ó sì ti sapá. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n kà á sí àṣìlò, kí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn dáadáa sí i, kí wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí owó ń gbà jáde lọ síbòmíràn. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún áàpù tó dára: olùlò fi ṣe ohun tí wọn ò rò, wọ́n pè é ní aṣìlò, wọ́n dí ọ̀nà, olùlò sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìdánwò parí ní 2006, àwọn èèyàn yìí gé ẹ̀yáwó kúrò. Ohun tó kù lórí fóònù kò pọ̀: kó owó sí i, gbà á jáde, fi ránṣẹ́, ra owó ìpè.

Nígbà tí Safaricom gbé e jáde fún gbogbo èèyàn ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé kí èèyàn fi owó ránṣẹ́ sílé. Ó wọ gbogbo ará Kẹ́ńyà lára lójú ẹsẹ̀. Àìmọye ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi tí ìyàwó àti òbí wọn wà ní abúlé. Kí M-Pesa tó dé, wọ́n á fi owó rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì tàbí matatu, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn, bí àwa náà ṣe ń ṣe wébíìlì ní gáréèjì, tàbí kí wọ́n gba ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí kí wọ́n dúró de ẹni tó ń lọ sílé. Wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé látọjọ́ pípẹ́. Inú ìnira ni wọ́n ti ń ṣe é.

Iye tí wọ́n ń gbà nígbà náà yé èèyàn. Kíkó owó sí i kò ná ni ní kọ́bọ̀. Fífi ránṣẹ́ sí ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 30 ṣílè Kẹ́ńyà, bí owó náà kéré, bí ó pọ̀. Ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú, ìyẹn àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ní ìlú ńlá, àwọn èèyàn ń kó owó wọlé ṣáá, owó orí fóònù tí aṣojú ní á tán. Ní abúlé, àwọn èèyàn ń gba owó jáde ṣáá, owó ọwọ́ á tán. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ló ti rìn dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó sọ fún un pé kò sówó nílẹ̀. Ìdánwò oníṣọ́ọ̀bù 8 kò lè fi bí èyí ṣe máa pọ̀ tó hàn, nítorí agbègbè tó sún mọ́ra ni gbogbo wọn wà. Ìgbà tí ìlú àti abúlé wọ inú ètò kan náà ló tó hàn. Síbẹ̀, kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fi kọjá mílíọ̀nù 2.

Faulu kò bá wọn dé ibẹ̀. Nígbà ìdánwò, àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kò bá ti M-Pesa mu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ọ̀kan kọ sínú èkejì. Ìṣòro tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ tún wà, lójú tèmi. Ìpàdé ni agbára ẹgbẹ́ ayánilówó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ọmọ Màmá lágbájá ń ṣàìsàn, pé ọjà ti ẹnì kan kò tà lóṣù yìí, kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n bá a dí i. Bí owó bá ti ń gba orí fóònù lọ, kí ni yóò máa mú èèyàn wá sí ìpàdé? Ohun tí wọ́n kà sí wàhálà nínú èrò àkọ́kọ́ yẹn, ìyẹn kíkó ara jọ, ní iṣẹ́ tó ń ṣe tí kò hàn nínú ìwé.

Bí owó ṣe ń yára dé ilé náà tún ti nǹkan mìíràn sí. Olùwádìí kan, Olga Morawczynski, gbé láàárín àwọn olùlò ní Kibera ní Nairobi àti ní Bukura tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Ó rí i pé owó tó ń wá sílé ń wá nígbà púpọ̀ sí i, ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, àti pé ó rọrùn fún ìyàwó tó wà ní abúlé láti béèrè. Ó tún rí i pé àwọn ọkọ kan kò wá sílé tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí owó kò tún nílò kí wọ́n gbé e wá fúnra wọn, àwọn ìyàwó kan sì ń bẹ̀rù pé obìnrin mìíràn á gba ọkọ wọn ní ìlú. Àǹfààní ńlá wà níbẹ̀, mi ò jiyàn ẹ̀. Ìwádìí tí Tavneet Suri àti William Jack gbé jáde ní 2016 fi hàn pé M-Pesa mú ìdílé tó tó 194,000 kúrò nínú ìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àṣeyọrí yẹn nìkan, a ò ní rí ìyàwó tó ń gba owó déédéé tí kò sì rí ọkọ.

Gúúsù Áfíríkà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ètò náà fúnra rẹ̀ ló ní oògùn. Vodacom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan níbẹ̀, gbé M-Pesa débẹ̀ ní 2010, wọ́n ń retí mílíọ̀nù 10 olùlò láàárín ọdún mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un gbé jáde ní 2014, wọ́n sì pa á dé ní 2016. Àwọn ará ibẹ̀ tó ní àkáǹtì báńkì ti pọ̀, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fi owó ránṣẹ́ ti wà, òfin náà sì le ju ti Kẹ́ńyà lọ. Èsì ìdánwò Nairobi ni wọ́n gbé lọ sí Johannesburg. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí èsì náà, jíjókòó ti àwọn èèyàn, ni ì bá ṣàǹfààní fún wọn jù.

Ọ̀nà tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀ pátápátá. Báńkì àpapọ̀ kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ owó orí fóònù títí di ìgbà tí ìlànà tuntun jáde ní 2018, ó sì di 2022 kí MTN tó gbé báńkì ìsanwó tirẹ̀ jáde. Àwọn oní-POS abẹ́ agboòrùn ló gba iṣẹ́ náà ṣe ní tiwa. Bí mo bá fẹ́ dán áàpù owó wò lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun tí olùlò kò lè ṣe fúnra rẹ̀ lórí fóònù ló ń gbé lọ bá wọn, wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ẹ̀yáwó tí wọ́n gé kúrò ní 2006 padà wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Safaricom àti Commercial Bank of Africa gbé M-Shwari jáde lórí M-Pesa: èèyàn lè fi owó pamọ́ síbẹ̀, ó sì lè yá owó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìpàdé, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ fi owó náà ṣe; bí o ṣe ń lo fóònù rẹ ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n lè yá ọ. Àwọn áàpù ayánilówó mìíràn rọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni tó jẹ gbèsè lórí fóònù láti dójú tì í. Ìgbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Kẹ́ńyà tó ṣe òfin tó kó àwọn ayánilówó orí fóònù sábẹ́ báńkì àpapọ̀.